Ọmọ Keje Inú Irin Quoniam

Séèfù náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi òróró díẹ̀ tó kán sí ìsàlẹ̀. Dókítà Ghislain Quoniam di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé. "Wọ́n ti jà mí lólè o! Ẹ̀yin ará Vauquelle, ẹ̀yin gan-an ni wọ́n jà lólè!" Kí Inspẹ́kítọ̀ Bertille Mauger tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, ìdajì abúlé ti kún ẹnu ọ̀nà ilé ìwádìí náà, àwọn apẹja pẹ̀lú bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, àwọn tó ń sin màlúù tí wọn kò tíì fún wàrà àárọ̀ tán. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín nínú wọn.

Ohun tí wọ́n jí kò ju ẹyin adìẹ lọ. Irin ni, ó ń dán bíi fàdákà, inú ìgò òróró ni wọ́n sì ń rì í sí nítorí pé afẹ́fẹ́ òkun máa ń jẹ ẹ́ di lẹ́búlẹ́bú. Neodimu lorúkọ rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń ṣe mágínẹ́ẹ̀tì alágbára tó wà nínú ọkọ̀ oníná, gbogbo ayé ló sì ń wá a. Inú ilẹ̀ làwọn ẹlòmíràn ti ń wà á. Quoniam ní tòun, inú ohun ìdáná átọ́míìkì tí wọ́n ti lò tán lòun ti yọ ọ́, pàǹtí tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ fojú rí. Ní Cotentin, agbègbè etíkun Faransé yìí, níbi tí pàǹtí bẹ́ẹ̀ ti ń gba ojú títì kọjá lọ́sàn-án gangan tí màlúù kì í tilẹ̀ gbójú sókè wò ó, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wọ́n létí ṣinṣin. Ó ti pè wọ́n sí gbọ̀ngàn ìlú ṣáájú. Ó gbé ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán hàn sún mọ́ irin náà, ẹ̀rọ dún kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Háà! Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ohun tó lè ṣe wọ́n léṣe! Bí wọ́n ṣe délé ni wọ́n tú ìfowópamọ́ wọn jáde. Théophile Mauger, bàbá Inspẹ́kítọ̀ yìí kan náà, ta ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀, ó kó gbogbo owó rẹ̀ fún Quoniam kó lè bá a pín èrè irin náà.

Ọjọ́ kejì olè yìí ni àwọn olùyẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ láti Paris, wọ́n fẹ́ gé díẹ̀ lára irin náà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Kí wọ́n tó dé ló pòórá.

"Ta ló mọ nọ́ńbà séèfù?" Bertille bi í.

"Èmi." Quoniam fi áńkáṣíìfù nu ojú. "Èmi àti Servane Onfroy. Ẹ wo inú bùútù ọkọ̀ rẹ̀."

Kò tíì sẹ́ni tó béèrè nípa ọkọ̀ kankan. Bertille fi ìyẹn sọ́kàn.

Servane dúró lẹ́bàá ògiri, ó káwọ́ mọ́yà. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni òun náà, òun ló ń bá Quoniam ṣiṣẹ́ nínú yàrá onídígí nípọn, tó ń fi apá irin mú ohun tí ọwọ́ ènìyàn kò gbọdọ̀ kàn. Wọ́n ṣí bùútù. Àkísà kan ló wà níbẹ̀, ó rin gbingbin fún òróró, ẹ̀ẹ́rún irin sì ń dán lára rẹ̀. Ariwo ta. "Olè! Olè! Ẹ fà á jáde!" Bàbá àgbàlagbà kan tutọ́ sí ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà. Nígbà tí Bertille yíjú, bàbá tirẹ̀ ló rí.

* * *

"Níbo lo kó o sí?" Bertille bi Servane ní àgọ́ ọlọ́pàá.

"N kò fọwọ́ kàn án rí."

"Àkísà inú bùútù rẹ ńkọ́?"

"Ẹni tó fi síbẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi."

"Gbogbo olè ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹni tí kì í ṣe olè náà ń sọ bẹ́ẹ̀, Màdáámù."

Bertille fi ìka gbá tábìlì. "Gbọ́ mi dáadáa. Lọ́la lọ́sàn-án, mo gbọ́dọ̀ fà ọ́ lé adájọ́ lọ́wọ́ ní Cherbourg. Kì í ṣe adìẹ ni wọ́n ní o jí. Ohun átọ́míìkì ni. O máa pẹ́ lẹ́wọ̀n débi pé irun orí rẹ máa funfun síbẹ̀. Bó o bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, sọ ọ́ báyìí."

Servane fa àga sún mọ́ tábìlì. "Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń dúró lẹ́yìn dígí yẹn. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo rí yọ? Ìyẹ̀fun neodimu elése àlùkò kan, kò tó ìdajì ṣíbí ìmutíì. Iṣẹ́ gidi nìyẹn o, mo lè fi yangàn níbikíbi. Ni ọ̀gá bá wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú irin tó tó ẹyin adìẹ, ó ní òun dá a parí lópin ọ̀sẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n gé díẹ̀ lára rẹ̀. Ńṣe ló tì mí jáde."

"Kí ló dé tí o ò pariwo?"

"Mo pariwo. Ta ló gbọ́? Gbogbo ìlú ti ń pín èrè tí wọn ò tíì rí. Bàbá yín wà lára àwọn tó ní kí n panu mọ́."

Bertille mọ̀ pé bàbá òun lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Màdáámù, ẹ̀ẹ́rún irin wà lára àkísà yẹn, àbí? Ẹ gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò ní Caen. Ẹ má wulẹ̀ bi wọ́n pé irin wo ni, neodimu ni wọ́n máa pè é. Ẹ bi wọ́n bóyá ọmọ keje wà níbẹ̀."

"Ọmọ keje ta ni?"

"Neodimu tó wà nínú ilẹ̀, ọmọ ìyá méje ni wọ́n. Orúkọ kan náà, ìrísí kan náà, ìwọ̀n wọn nìkan ni ò dọ́gba. Èyí tó fúyẹ́ jù ni mò ń pè ní ọmọ keje, òun ló sì pọ̀ jù nínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n inú iná átọ́míìkì, àwọn mẹ́fà yòókù ló ń bí. Ọmọ keje ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀ rárá. Kò sí ọgbọ́n tí ènìyàn lè dá sí i. Tí wọ́n bá rí i rẹpẹtẹ lára àkísà yẹn, ilẹ̀ ni wọ́n ti wa irin ọ̀gá mi, ọjà ló sì ti rà á."

Bertille rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. "Tó bá jẹ́ òun ló fi àkísà síbẹ̀, òun náà mọ̀ nípa ọmọ keje yìí. Ṣé orí rẹ̀ ò pé ni?"

Servane rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn létí. "Ẹ̀yin ló fojú kéré. Adàmàlúù ló ń pè yín. Ó ní bí ọlọ́pàá Vauquelle bá gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́, á ti sá dé Cherbourg."

Ọ̀rọ̀ náà dun Bertille wọra. Ó pe ọlọ́pàá alùpùpù kan, ó fi àkísà náà sínú àpótí òjé, ó ní kó gbé e lọ sí Caen lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó má sì dúró mu kọfí lọ́nà.

* * *

Ọ̀gá rẹ̀ pè láti Cherbourg, ó ń jágbe. "Mauger, kí lò ń dúró dè? Ẹ rí àkísà, ẹ rí olè. Àwọn oníròyìn ti ń pè mí!" Bertille ní òun ń dúró de èsì àyẹ̀wò. Ọ̀gá ní kò sí àyẹ̀wò tó ní kí wọ́n má fa Servane lé adájọ́ lọ́wọ́ lọ́la, ó sì pa fóònù dé mọ́ ọn létí.

Bertille délé jẹun ọ̀sán pẹ̀lú ìbínú yẹn lára. Bàbá rẹ̀ ti jókòó sídìí ẹja makarẹ́ẹ̀lì, kò fọwọ́ kàn án.

"Wọ́n ní o kò tíì tì í mọ́lé dáadáa," ni Théophile fi kí i káàbọ̀. "Wọ́n ní o fún un ní kọfí."

"Bàámi, ẹ jẹun."

"Ọkọ̀ mi ni mo tà o! Ọkọ̀ tí mo fi tọ́ ọ! Ọmọ mi wá ń fún ẹni tó jà mí lólè ní kọfí!"

"Ta ló da ìfun ẹja sára ilẹ̀kùn ọmọbìnrin yẹn láàárọ̀ yìí?"

Bàbá gbójú sí àwo oúnjẹ. "Mo ṣe bí a ń sọ̀rọ̀ olè ni."

Inú bí Bertille débi tó fi ṣe ohun tí ọlọ́pàá kì í ṣe. Ó tú ọ̀rọ̀ ìwádìí sílẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé àkísà ti wà ní Caen, pé bí wọ́n bá rí ọmọ keje níbẹ̀, ayédèrú ni ẹyin irin tó tìtorí rẹ̀ ta ọkọ̀. Bàbá wò ó bí ẹni ń wo wèrè. "Irin ń bímọ? Ọmọ keje? Bertille, lọ sùn." Ó dìde, ó dé fìlà, ó fi ẹja sílẹ̀ fún ológbò.

* * *

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù dún láti Caen. Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ kí i. "Inspẹ́kítọ̀, ta ló ní kẹ́ ẹ béèrè ọmọ keje yìí? Ó wà níbẹ̀. Òun ló tilẹ̀ pọ̀ jù. Irin yín ò rí iná átọ́míìkì sójú rí. Ìdọ̀tí onítànṣán díẹ̀ ni wọ́n fi pa á lára kó lè máa dún."

Bertille fò dìde. Ó mọ̀ pé èyí nìkan kò tó. Quoniam lè sọ pé Servane ló pààrọ̀ irin náà. Àfi kí òun rí ẹyin irin yẹn lọ́wọ́ ẹni tó gbé e pamọ́, kí ọ̀sán tó pọ́n, kí ọkọ̀ Cherbourg tó wá gbé ọmọbìnrin náà lọ.

Quoniam kò sí nílé. Bertille sáré gba ilé ọtí etí òkun lọ, níbi tí gbogbo ọkùnrin abúlé ti ń mu kọfí àárọ̀ wọn pẹ̀lú kalifado, ọtí ápù líle wọn. Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń ráhùn.

"Ẹ rí Dókítà?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Èmi ni mo ra kalifado fún un, mo fẹ́ tù ú nínú. Mo wá ń fi ọ̀rọ̀ rẹ yẹn dá a lẹ́rìn-ín, pé o ti gbé àkísà lọ sí Caen láti lọ wá ọmọ keje. Bẹ́ẹ̀ ló gbé gíláàsì kalẹ̀. Kò mu ún! Kò bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́! Ó kàn jáde ni. Irú ìwà wo nìyẹn?"

Gíláàsì náà ṣì wà lórí tábìlì, ó kún dé ẹnu, gbogbo wọn sì ń fi ojú burúkú wò ó. Ní Vauquelle, kò sẹ́ni tó ń fi kalifado tí wọ́n rà fún un sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣàìsàn gan-an á mu ún tán kó tó lọ kú.

"Bàámi, wọ́n ti rí ọmọ keje yẹn ní Caen, ó ti sá lọ! Ẹ̀yin lẹ ta á lólobó! Ẹ gbà mí o!"

Ó bọ́ síta. Ọkọ̀ ojú omi funfun tí Quoniam fi ń ṣe fàájì ti kọjá òpin ògiri òkúta èbúté. Erékùṣù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló dorí kọ, èyí tí ojú lè rí ní ọ̀kánkán. Bertille na ọwọ́, ó pariwo, "Dúró! Ọlọ́pàá!" Quoniam bojú wẹ̀yìn. Ó juwọ́ sí i. Ẹ ò rí àfojúdi! Ọkọ̀ ojú omi àwọn ọlọ́pàá sì wà ní Cherbourg, kò lè tètè dé.

Àwọn ọkùnrin ti jáde tẹ̀lé e. Wọn kò wo Quoniam, òkun ni wọ́n ń wò. Omi ń fà lọ, afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn sì ń kọlù ú níwájú. Ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, ìṣàn tí wọ́n ń pè ní Raz máa ń dìde dúró, ọmọ ìlú kan kò sì ní tú okùn ọkọ̀ rẹ̀.

"Kò ní dé ibẹ̀," ni Théophile wí.

"Ẹ gbé ọkọ̀ adóòlà jáde, Bàámi." Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá àwọn tó ń fi ọkọ̀ yẹn gba ẹ̀mí là, àwọn ọ̀mùtí àárọ̀ yìí sì ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ká gbé e jáde torí gbájú-ẹ̀? Ó fi ojú mi gbolẹ̀! Jẹ́ kí Raz gbé e mì."

"Tí Raz bá gbé e, ó gbé irin yẹn, ó gbé owó yín. Servane á lọ sẹ́wọ̀n lọ́sàn-án yìí fún ohun tí kò ṣe. Ìfun ẹja tẹ́ ẹ dà sí i lára ilẹ̀kùn ò tíì tó yín ni?"

Théophile wò ó. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó yíjú sí àwọn tó kù, ó bú ramúramù, "Kí lẹ̀ ń wò? Ẹ wọ aṣọ yín!"

* * *

Raz ti gba Quoniam mú kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti kú, omi ti kún inú ọkọ̀ dé orúnkún. Ó fi apá kan di irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, ó fi èkejì gbá ìgò kan mọ́ àyà. Nínú ìgò náà, nínú òróró, ohun kan ń dán.

Bí ó ṣe rí Bertille, ó gbé ìgò náà sókè orí òkun.

"Mo máa jù ú!" ló ké. "Ẹ jẹ́ kí n lọ, tàbí kí n jù ú!"

Tí ìgò yẹn bá wọ omi, ó parí fún Servane. Kí Bertille tó lanu, bàbá rẹ̀ ti bọ́ síwájú, ó di okùn mú lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò jù ú.

"Ìgò ló máa kọ́kọ́ wá," ni Théophile wí. "Ìwọ á tẹ̀lé e."

"Ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀! Òfin ní kẹ́ ẹ gbà mí là!"

"Mo ti darúgbó. Ìgbàgbé ń ṣe mí. Mo lè gbàgbé láti ju okùn."

"Inspẹ́kítọ̀! Ẹ gbọ́ ohun tó ń wí?"

Bertille yí ojú sí ọ̀dọ̀ ilé ìmọ́lẹ̀ etíkun, ó ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Ìgbì kan gbé ọkọ̀ funfun náà, ó là á mọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan là. Quoniam figbe ta. Ó na ìgò síwájú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń sunkún. Wọ́n fi àwọ̀n ẹja gba ìgò náà. Ìgbà yẹn ni okùn tó fò.

Nígbà tí wọ́n fà á wọlé, Quoniam bì sórí bàtà Théophile kó tó lè sọ̀rọ̀.

"Níbo lo ti rà á?" Bertille bi í.

"Lọ́wọ́ ... lọ́wọ́ oníṣòwò irin kan nílẹ̀ òkèèrè."

"Kí ló ń dún lára rẹ̀?"

"Omi ìdọ̀tí láàbù. Mo fi pa á lára."

"O gbé e yí gbọ̀ngàn ká! Àwọn ọmọdé wà níbẹ̀!"

"Díẹ̀ ni mo fi pa á. Díẹ̀ péré."

"Àkísà?"

Théophile gbé ẹsẹ̀ tí ó ń rùn yẹn sún mọ́ ọn.

"Èmi ni! Èmi ni mo fi síbẹ̀. Àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀, wọ́n máa gé e, wọ́n máa mọ̀. Kí ni kí n ṣe? Iṣẹ́ Servane dára, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun tí kò kún ṣíbí, ta ló máa kówó sí i? Ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ rí ohun ńlá!"

"Owó wa dà?" Ohùn Théophile ti lọ sílẹ̀.

"Ó wà ní báńkì ní erékùṣù. Mo ná díẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ ṣì wà."

Théophile jókòó sórí pákó ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ó fi fìlà bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ yíjú kúrò, wọ́n ń ṣe bí ẹni ń wá okùn. Bertille fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Quoniam lọ́wọ́, ó sì fi fóònù pe Cherbourg pé kí wọ́n má wulẹ̀ rán ọkọ̀ wá gbé ọmọbìnrin náà. Ọkùnrin ni kí wọ́n wá gbé.

Ọwọ́ pálábá Quoniam ti ségi, gbogbo ìlú sì wà ní èbúté láti wò ó. Àwọn tó ń ké "Olè!" lánàá tún ké e, wọ́n kàn yí ìka sí ibòmíràn ni. Ṣé ojú tì wọ́n? Ó tì wọ́n díẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń bi ara wọn ìgbà tí báńkì máa dá owó padà.

Àwọn olùyẹ̀wò Paris ti dé, wọ́n dúró sídìí séèfù òfìfo, wọ́n fẹ́ padà sílé pẹ̀lú ìbínú. Servane, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu àtìmọ́lé pẹ̀lú aṣọ àná lọ́rùn, ló ní kí wọ́n dúró. Ó wọ yàrá, ó fi apá irin gbé ìgò kékeré kan sọ́dọ̀ dígí. Ìyẹ̀fun elése àlùkò, kò tó ìdajì ṣíbí. Wọ́n mú bíńtín nínú rẹ̀ lọ. Nígbà tí èsì dé, àwọn ọmọ mẹ́fà pé síbẹ̀, ọmọ keje ò sí. Ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ yẹn, ohun tí ọmọbìnrin náà ń fẹ́ kò ju kó délé, kó wẹ̀, kó sùn.

Bertille fi ọkọ̀ gbé e délé. Ẹnì kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn. Théophile Mauger kúnlẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn pẹ̀lú aṣọ adóòlà tó ṣì tutù lára rẹ̀, ó ní korobá omi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ìfun ẹja tó ti gbẹ mọ́ pákó. Kò gbójú sókè nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ wọn.

"Ọmọ mi," ló wí, "ẹ̀mí burúkú ló ..."

"Kì í ṣe ẹ̀mí burúkú, Bàbá. Ẹ̀yin ni," Servane dá a lóhùn.

Théophile gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀. "Èmi ni," ló wí níkẹyìn.

Bertille fẹ́ sọ̀rọ̀, Servane dá a dúró pẹ̀lú ọwọ́. Ó yẹ ilẹ̀kùn náà wò láti òkè délẹ̀, bó ṣe máa ń wo ohun tó wà lẹ́yìn dígí. Ó wá jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà rẹ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ ìdè ilẹ̀kùn níbẹ̀ yẹn ṣì ń rùn," ló wí. "Mò ń dúró."

Théophile ti búrọ́ọ̀ṣì bọ omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀gbẹ́ ìdè ilẹ̀kùn.